High flow ń dà yín láàmú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ní Èkìtì, ìbéèrè márùn-ún yìí náà lórí high flow, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn gbígbóná tó rin fún omi sí aláìsàn nímú, ni ẹ fi ń jí mi lóru. Mo ti dáhùn wọn títí ó fi sú mi. Ẹ ka èyí kí ẹ tó pè.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ kò tàn.
Ìdáhùn: Ẹ wo iná, ẹ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kò ní bátìrì tirẹ̀. Kí sílíńdà àti ìbòjú ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí NEPA tó múná lọ.

Ìbéèrè: Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò gòkè.
Ìdáhùn: Ṣé láálì tàbí kútẹ́ẹ̀sì kò sí ní ìka tí ẹ fi kílíìpù tó ń wọn ọ́síjìn há? Rọ́bà imú ńkọ́, ṣé kò tíì yọ?

Ìbéèrè: Ṣé a lè so ó mọ́ kọ́nséńtírétọ̀, ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́?
Ìdáhùn: Kò lè tó ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Lítà 5 tàbí 10 ní ìṣẹ́jú kan ni ti kọ́nséńtírétọ̀. High flow lè fẹ́ 60. Sílíńdà tó gba lítà 6,800 pàápàá, bí ẹ bá ṣí ọ́síjìn pọ́ńbélé sí 60, kò ní pé wákàtí 2 tí yóò fi gbẹ.

Ìbéèrè: Omi ń dúró nínú rọ́bà, aláìsàn sì ń wúkọ́.
Ìdáhùn: Èyí bá mi jà fún òru mẹ́rin. Bàbá àgbẹ̀ kan ni, ní wọ́ọ̀dù kan ní Adó, nígbà ọyẹ́. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan. Tó bá di aago mẹ́ta òru, rọ́bà á máa dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, omi á ta sí bàbá nímú, á wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. A pààrọ̀ rọ́bà. A pààrọ̀ ike omi. Ẹnì kan ní ká yí ooru láti 37 sí 31. Omi dín kù lóòótọ́, àmọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàbá lọ́fun bí àtè, kò rí i tu jáde. Mo yí i padà sí 37 kíákíá.

Lóru kẹrin, mo jókòó tì í, mo ń fọwọ́ tọ rọ́bà náà láti ara ẹ̀rọ lọ sí imú. Ó gbóná, ó gbóná, àfi bó ṣe tutù nini lójú kan. Mo gbójú sókè: gíláàsì kan ti yọ lára fèrèsé, atẹ́gùn ọyẹ́ ń wọlé tààrà bọ́ sórí rọ́bà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó rin fún omi ń pàdé òtútù níbẹ̀, ó ń sẹ̀ bí ìrì. Páálí ni mo fi dí ihò náà. A sún bẹ́ẹ̀dì kúrò, a gbé ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ orí bàbá kí omi tó bá kù lè ṣàn padà sínú ike. Bàbá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ tọ rọ́bà kí ẹ tó tú ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Gbogbo rẹ̀ pé, síbẹ̀ aláìsàn ń mí gúlegúle.
Ìdáhùn: Ẹ má kàn fi lítà kún un kí ẹ padà lọ jókòó, mo bẹ̀ yín. Ẹ ṣírò ROX, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá high flow ń ran aláìsàn lọ́wọ́ tó. Ká ní ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 90, tí ọ́síjìn sì jẹ́ ìdá 0.8 nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún un: 90 pín sí 0.8 jẹ́ 112.5. Bó bá ń mí ní ìgbà 38 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 38 pín in: 2.96. Láti 4.88 sókè ni ọkàn fi ń balẹ̀. Bí kò bá tó 3.47 ní wákàtí 6, dókítà ni kẹ́ ẹ pè lójú ẹsẹ̀, kó múra àtiki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti pè é ni kí ẹ tó pe èmi.