Kí ẹ tó gun òkè Colorado nígbà tí oòrùn bá ń mú

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Denver, tó bá di oṣù Kẹrin tí oòrùn ń ràn, ọkàn a máa fà sí òkè. Kò burú. Àmọ́ oòrùn yẹn gan-an ló ń tú yìnyín orí òkè, tí yóò fi ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Avalanche ni wọ́n ń pè é.

Bí òru ṣe rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ tí òtútù sì mú mọ́jú, omi inú yìnyín á dì, gbogbo rẹ̀ á le gbagidi. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ooru ò ní rọ́nà jáde, yìnyín ò ní dì, ewu á ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí òru méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ léra báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé. Omi á ti jò dé ìsàlẹ̀, níbi tí yìnyín ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn ti di hóró bíi ṣúgà. Bí ìsàlẹ̀ yẹn bá yẹ̀, gbogbo ẹrù orí rẹ̀ ló ń bọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló ń kọ́kọ́ rọ̀, gúúsù á tẹ̀ lé e, ìwọ̀-oòrùn ló ń kẹ́yìn. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì kọjá kókósẹ̀, tàbí bí yìnyín bá ń ká ara rẹ̀ jọ tó ń yí gbirigbiri bọ̀ látòkè, ẹ padà. Gẹ̀rẹ́ òkè tó tó 30 sí 45 digírì ló léwu jù, ẹni tó dúró sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì bọ́. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá páàkì sí Loveland Pass, ọ̀nà mọ́tò tó gba orí òkè kọjá, láti ya fọ́tò.

Colorado Avalanche Information Center, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ń kéde bí ewu ṣe tó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí avalanche.state.co.us, láti 1 dé 5, 5 ló léwu jù. Ẹ má ka 3 sí ewu kékeré. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn púpọ̀, torí ẹ̀rù kì í bà wọ́n tó. Ẹ ka àlàyé abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ewu àárọ̀ àti tọ̀sán kì í dọ́gba.

Ẹni tó bá máa wọ inú yìnyín gẹ̀rẹ́ òkè gbọ́dọ̀ ní transceiver lára (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí ẹni tí yìnyín bò), ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wá èèyàn, àti ṣọ́bìrì. Bí yìnyín bá bo ẹnì kan, ẹ pe 911, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wà á jáde lójú ẹsẹ̀: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ìrètí ìyè ń yára dín kù.