Máàpù omi abẹ́ ilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta: àwọn àṣìṣe tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Sátẹ́láìtì kì í rí omi abẹ́ ilẹ̀ o. Ojú ilẹ̀ ló ń yà, òkúta, ewéko, ipa tí odò ń gbà, àwa la wá ń fi GIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe máàpù, to gbogbo ẹ̀ léra wọn, ká fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì, ká lè fojú díwọ̀n ibi tómi lè wà. Torí náà tí máàpù bá kun àdúgbò yín ní búlúù, ẹ má tíì pe àwọn tó ń gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni ti ìlà orí àwòrán sátẹ́láìtì. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ibi tó pọ̀ n'Ábẹ́òkúta, ẹ ṣáà wo Olúmọ, òkúta yẹn fúnra ẹ̀ ò gbomi sára, ibi tó ti sán àbí tó ti jẹrà di erùpẹ̀ lomi ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wá ìlà gbọọrọ lórí àwòrán, torí ó lè jẹ́ ibi tí òkúta ti sán. Ṣùgbọ́n kí lẹ rò pé kọ̀ǹpútà mọ̀? Ẹ ní kó fa ìlà fún yín, á fa títì, á fa rélùwéè tó gba Lafenwa, á fa ibi tí wọ́n gé igbó sí nítorí wáyà NEPA, ẹ ó wá fún gbogbo ẹ̀ ní máàkì ńlá, máàpù á sì ní Kútọ̀ tí títì kún fọ́fọ́ lomi pọ̀ sí jù! Ẹ gbé máàpù títì lé e, kẹ́ ẹ pa gbogbo ìlà tó bá a mu rẹ́. Tó bá jẹ́ àwòrán òjìji òkè tí kọ̀ǹpútà yà lẹ fi ń wá ìlà, ẹ yí ibi tẹ́ ẹ ní kí oòrùn inú ẹ̀ ti máa tàn padà, torí ìlà tó bá lọ gbọọrọ síbi tí ìtànṣán ń lọ ò ní hàn dáadáa.

Ẹ má sì da máàkì ìwé ìwádìí ibòmíì kọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá Ewékorò, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì lẹ máa bá lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń lo AHP náà, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi nǹkan wéra ní méjì-méjì kí wọ́n tó pín máàkì, CR, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ ìfiwéra yẹn wò, tí ò bá tó 0.1, ó kàn ń sọ pé ẹ ò tako ara yín ni, kò sọ pé máàkì yín tọ̀nà.

UTM 31N, ètò ìwọ̀n máàpù tó ń lo mítà, ni kẹ́ ẹ lò, tó bá jẹ́ dìgíríì ni, ìdàgẹ̀rẹ́ ilẹ̀ á dàrú pátápátá.

Tó bá kan yíyẹ máàpù yín wò bóyá ó tọ̀nà, ẹ má lọ wo kànga lóṣù keje, ìgbà yẹn kànga wo ni ò lómi? Oṣù kejì sí ìkẹta ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì béèrè bọ́họ̀ọ̀lù tó gbẹ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ sọ pé owó àwọn wọlẹ̀ lásán.

Píksẹ́lì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lórí àwòrán sátẹ́láìtì Landsat, jẹ́ mítà 30 níbùú lóròó, ó tóbi ju pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 by 120 lọ, kò lè sọ bóyá ẹ̀yìn ilé ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ sí àbí ẹ̀gbẹ́ géètì. VES, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná wọn abẹ́ ilẹ̀, ló lè sọ ìyẹn dé àyè kan, owó ẹ̀ ò sì tó ti bọ́họ̀ọ̀lù tó gbẹ.