Bí A Ṣe Ń Fi Písítìn àti Sìlíńdà Àfirọ́pò Tún Ẹ́ńjìnì Ẹ̀rọ Agégi Ṣe

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ agégi oníṣéènì bá há, tàbí tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ kí ó lágbára ju bí ó ṣe wà lọ, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni kí wọ́n ra písítìn àti sìlíńdà papọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà àfirọ́pò, nítorí pé wọn kì í wọ́n tó ojúlówó. Ní tèmi, písítìn ni ó yẹ kí a rà, kí a sì sa gbogbo ipá wa láti tọ́jú sìlíńdà tó bá ẹ̀rọ náà wá. Písítìn àfirọ́pò tó dára kò ṣòro rí. Sìlíńdà àfirọ́pò tí àwọn ihò inú rẹ̀ gún régé, tí èèpo líle tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ni kò pọ̀. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí sìlíńdà àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìdí nìyẹn tí àlàyé yìí fi kan méjèèjì.

Ẹ wádìí ohun tó pa ti àkọ́kọ́

Ẹ má tíì tú sìlíńdà. Ẹ tú sàlẹ́ńsà nìkan, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ sì rọra fa okùn tí a fi ń tan ẹ́ńjìnì kí písítìn lè máa lọ sókè sódò lójú yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gangan ihò èéfín nìkan ni písítìn ti ha, ooru àpọ̀jù ni ó fà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tí epo sì kéré jù, nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó. Bí ó bá ha yípo yípo, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti bu epo bẹntiróòlù tí kò ní ọ́ìlì nínú sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ìhà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni àwọn ìlà náà wà, ìdọ̀tí ni ó kọjá lára àsẹ́ afẹ́fẹ́.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ni ó ń gba sùúrù jù, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ àìtọ́ ń gbà wọlé lè fara sin. Ẹ fi rọ́bà dí ihò èéfín àti ihò àbáwọlé pa, kí ẹ fi páǹpù kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé kiráńkì (àpótí tó wà lábẹ́ sìlíńdà, níbi tí irin tó ń yí ẹ́ńjìnì wà) títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí PSI 7, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò dúró. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, omi ọṣẹ tí ẹ bá ta sí etí àwọn síìlì kiráńkì àti rọ́bà kábúrétọ̀ yóò hó níbi tó ti ń jò. Ẹ tún fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé síìlì tó ti gbó lè gba ìfúnpá láti inú láìjò, kí ó sì máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ń ra písítìn fún ikú kan náà ni.

Bí a ṣe ń yan ẹ̀yà

Ẹ wọn ẹ̀yà àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun. Orúkọ ẹ̀rọ nìkan kò tó: Stihl 044, fún àpẹẹrẹ, wà ní oríṣi méjì, ọ̀kan ń lo píìnì písítìn (irin tó so písítìn mọ́ apá kiráńkì) tó nípọn tó 10 mm, èkejì ń lo 12 mm, wọn kò sì lè gba ipò ara wọn.

Àwọn kan máa ń fẹ́ sìlíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Husqvarna 372 XP ní sìlíńdà tó fẹ̀ tó 50 mm, písítìn rẹ̀ sì ń rin 36 mm, èyí tó fún wa ní 70.7 cc, bí a bá sọ fífẹ̀ rẹ̀ di 52 mm, ó di nǹkan bí 76.5 cc. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi lé, ṣùgbọ́n kí ẹ má retí kí agbára ẹ̀rọ fi bẹ́ẹ̀ lé pẹ̀lú, nítorí pé kábúrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà kò yí padà. Sìlíńdà ńlá tí àwọn ihò rẹ̀ kò dára lè gé igi díẹ̀díẹ̀ ju sìlíńdà kékeré ojúlówó lọ.

Títú u àti fífọ sìlíńdà àtijọ́

Ẹ fọ ìta ẹ̀rọ náà mọ́ kí ẹ tó ṣí i, nítorí pé iyanrìn díẹ̀ tó bá já sínú ilé kiráńkì tó láti ba bíárìnì jẹ́. Bí ẹ bá nílò láti tú kílọ́ọ̀ṣì (ẹ̀yà tó ń so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ ṣéènì), ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì ki okùn rírọ̀ gba ihò rẹ̀ wọlé kí písítìn lè ní ohun tí yóò dúró lé. Ẹ má fi irin ṣe é. Ẹ rántí pé lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agégi, apá ọ̀tún ni a ń yí kílọ́ọ̀ṣì sí láti tú u. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú bóòtù sìlíńdà, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ilé kiráńkì kí ẹ tó yọ kílíìpù tó di píìnì mú, nítorí pé ó máa ń ta.

Ohun tó dà bí ọgbẹ́ nínú sìlíńdà àtijọ́ kì í sábà jẹ́ ọgbẹ́. Alumíníọ̀mù písítìn ni ó yọ́ mọ́ ọn lára. Ẹ fi igi kékeré tí ẹ wé òwú mọ́ lórí tọ́ ásíìdì háídírókílóríìkì sí ibẹ̀ nìkan; yóò hó, yóò sì jẹ alumíníọ̀mù náà kúrò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Kí ó má ṣe kan etí àwọn ihò tàbí ibi tí èèpo ti ṣí, nítorí pé sìlíńdà fúnra rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, yóò sì jẹ ẹ́. Bí èékánná yín bá ṣì ń kọ́ ibì kan lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán, èèpo ti lọ níbẹ̀, àsìkò tó láti ra òmíràn nìyẹn.

Mímúra ẹ̀yà tuntun sílẹ̀

Sìlíńdà àfirọ́pò máa ń dé pẹ̀lú etí ihò tó mú bí abẹ, ríìǹgì (òrùka irin tó yí písítìn ká) a sì kọ́ ọ, a sì ṣẹ́. Ẹ fi òkúta ìlọ̀ kékeré tàbí sáńpépà tó kúnná pa etí ihò kọ̀ọ̀kan rẹ́ díẹ̀, pàápàá lókè àti nísàlẹ̀ ihò èéfín, títí ìka yóò fi lè kọjá láìkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun kò fi ní dọ̀tí mọ́.

Ẹ fi ríìǹgì nìkan sínú sìlíńdà, ẹ fi orí písítìn tì í kí ó tẹ́jú, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Fún sìlíńdà 50 mm, kò yẹ kí ó dín ní 0.2 mm, nítorí pé ríìǹgì máa ń gbòòrò bí ó bá gbóná.

Àlàfo òkè písítìn

Àlàfo yìí ni èyí tó wà láàárín orí písítìn àti òrùlé sìlíńdà nígbà tí písítìn bá dé òkè téńté. Ibí yìí ni agbára wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Ẹ to písítìn àti sìlíńdà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, láìfi ríìǹgì sí i, ẹ ti wáyà òjé rírọ̀ tó nípọn tó 1.5 mm gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé títí yóò fi kan ògiri sìlíńdà ní ọ̀gangan orí píìnì, kí ẹ sì yí kiráńkì kọjá òkè téńté. Ibi tí wáyà náà ti tẹ́ jù ni ìwọ̀n àlàfo yín. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kí ó lọ sí ìsàlẹ̀ 0.5 mm. Bí ó bá jẹ́ 1 mm, tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sìlíńdà sì nípọn tó 0.5 mm, ẹ lè yọ gásíkẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tó ń gba ooru rọ́pò rẹ̀. Ìfúnpọ̀ yóò lé sí i, ihò èéfín yóò máa ṣí pẹ́ díẹ̀, ihò àbáwọlé yóò sì máa tètè ṣí. Nígbà tí písítìn bá wà lókè téńté, ẹ wo inú ihò èéfín: ìsàlẹ̀ písítìn gbọ́dọ̀ ṣì bò ó pátápátá. Mo ti rí písítìn àfirọ́pò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ihò náà fi ṣí sílẹ̀.

Títò ó pọ̀

Ọfà orí písítìn gbọ́dọ̀ kọjú sí ihò èéfín. Ẹ lo kílíìpù tuntun, ojúlówó bí ẹ bá lè rí i, nítorí pé irin kílíìpù tó máa ń bá àfirọ́pò wá sábà máa ń rọ̀. Kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ẹnu ríìǹgì sí ibi ṣóńṣó tó wà nínú ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ ta ọ́ìlì sí gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ríìǹgì wọlé, kí ẹ sì rọra sọ sìlíńdà kalẹ̀ láìyí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ máa di bóòtù ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ṣe àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ ti ìṣáájú.

Títan án

Ní ìdá kan sí àádọ́ta, 20 ml ọ́ìlì ẹ́ńjìnì two-stroke ni ó wà fún lítà bẹntiróòlù kan. Ẹ ṣí síkúrù H kábúrétọ̀ (èyí tó ń pín epo nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gan-an) ju bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnì tó ń mí jù ti tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ epo sí i. Bí ẹ bá tẹ ohun ìtẹ̀ epo dópin láìgé igi, ó yẹ kí ohùn ẹ́ńjìnì máa kólòlò díẹ̀, kí ó sì já gaara bí ṣéènì bá wọ igi. Kí iye ìyípo rẹ̀ má kọjá èyí tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Fún táńkì epo mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa gé igi gidi, ẹ má kàn jẹ́ kí ó máa sáré lásán. Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ PSI 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ tú sàlẹ́ńsà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo písítìn: bí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ìgbẹ́rin fà sí i lára bá ṣì hàn yípo, ẹ dá sàlẹ́ńsà padà, kí ẹ sì tún bóòtù sìlíńdà dì.