Ẹ Rí Ìṣúra Nínú Ilẹ̀ Onílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Iṣẹ́ lọ́yà ni mo ń ṣe, ẹjọ́ ilẹ̀ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé, àwọn tó ń gbẹ́ kànga, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ tí ń ṣàwárí irin wọ oko olóko, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: bí mo bá rí wúrà nínú ilẹ̀ ẹlòmíì, ṣé tèmi ni àbí ti onílẹ̀? Gbólóhùn kan kò lè dáhùn rẹ̀, torí òfin orílẹ̀-èdè kan kò bá ti òmíì mu. Àmọ́ bí èèyàn ṣe ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, òun ni mo sì fẹ́ là yé yín.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó fi nǹkan náà pamọ́. Àwọn amòfin Róòmù ti sọ ọ́ tipẹ́ pé owó tó ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ni ín mọ́, òun là ń pè ní ìṣúra. Bí a bá ṣì lè mọ ẹni tó ni ín, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ohun olóhun ni. Nítorí náà, ẹ wo ọdún tó wà lára owó tí wọ́n rọ kẹ́yìn nínú wọn, ẹ wo bébà tí wọ́n fi wé e, ẹ wo orúkọ tàbí àdírẹ́sì tó bá wà lára àpò ìwé. Ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2006, agbaṣẹ́ṣe kan ń fọ́ ògiri balùwẹ̀ obìnrin kan, ó sì bá 182,000 dọ́là nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní òun á fún un ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọkùnrin náà ní ogójì lòun máa gbà. Wọn ò gbà fún ara wọn, ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn, ló bá di iṣu ata yán-an yàn-an. Orúkọ olówó wà lára àpò tí wọ́n kó owó náà sí, àwọn ajogún rẹ̀ mọ́kànlélógún sì jáde. Nígbà tí ẹjọ́ fi máa parí, púpọ̀ nínú owó náà ti tán lọ́wọ́ onílé, àwọn ajogún ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ìdá tí kò pé mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ìyókù yẹn ló kan ẹni tó fọ́ ògiri.

Bí olóhun kò bá sí, ẹ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan ìjọba. Ní England, òfin 1996 tí wọ́n ń pè ní Treasure Act ní kí ẹni tó bá rí ohun èlò tó ti lo ó kéré tán 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà inú rẹ̀ sì tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, fi tó òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ coroner létí láàárín ọjọ́ 14. Bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ ẹ, wọ́n á díye lé e, wọ́n á san owó, onílẹ̀ àti ẹni tó rí i á sì sábà pín in ní ìdajì-ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín 3.285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí wọ́n san lórí wúrà Staffordshire, tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ rí lóko ẹlòmíì lọ́dún 2009. Ìwé òfin Jámánì ní kí ẹni tó rí i àti onílẹ̀ pín in sí méjì, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ti fi òfin tiwọn sọ pé ohun tó bá ṣe pàtàkì fún ìtàn, tìjọba ni. Bavaria ló ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, lọ́dún 2023. Ẹ rí i pé òfin tó wà lóde báyìí lẹ kà, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan sọ fún yín lọ́jọ́sí.

Ká ní ìjọba kò dá sí i. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ara yín ni, wàhálà kò pọ̀. Tọkọtaya kan ń mú ajá wọn rìn lórí ilẹ̀ wọn ní California lọ́dún 2013, wọ́n rí agolo kan tó yọrí nínú ilẹ̀. Owó wúrà 1,427 ni wọ́n hú jáde nínú agolo mẹ́jọ. Àwọn ló ni ín, owó orí nìkan ló kù tí wọ́n máa san.

Ilẹ̀ ẹlòmíì ni ìjà wà. Hadrian, olú-ọba Róòmù, ní kí ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ ìṣúra nílẹ̀ ẹlòmíì mú ìdajì, kí onílẹ̀ mú ìdajì. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ gbẹ́lẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ kò ní ìpín kankan ní tirẹ̀. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ onílẹ̀ ló lágbára jù: ohun tó bá rì sínú ilẹ̀, ilẹ̀ ló bá lọ. Lọ́dún 1896, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n gbà kó gbá ẹrẹ̀ inú adágún rí òrùka wúrà méjì, ilé ẹjọ́ sì kó o fún iléeṣẹ́ tó ni adágún. Ní Idaho ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà sínú ọgbà onílẹ̀ kan hú owó wúrà 96. Nígbà tí ẹjọ́ náà parí lọ́dún 2001, onílẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe lébìrà pè mí rí látinú kòtò tó ń gbẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣọ́bìrì rẹ̀ ti kan ìgò kan, amọ̀ dì mọ́ ọn lára, owó fàdákà kún inú rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì wà lókè kòtò, kò tíì rí i. Ó fẹ́ kí n sọ pé kó kó o sápò. Mo ní kó má dán an wò. Mo ní kó ya fọ́tò ìgò náà níbi tó wà, kó tẹ́ ṣọ́bìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí bó ṣe tóbi tó, kó wá pe ọ̀gá àti onílẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò yẹn ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó yá, torí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn pé òun kọ́ ló rí i. Òfin kò fi dandan mú onílẹ̀, síbẹ̀ ó fún un ní nǹkan gidi. Lójú tèmi, onílẹ̀ tó bá kó gbogbo rẹ̀ tí kò fún lébìrà ní nǹkan kan hùwà tí kò dáa, kódà bí adájọ́ bá dá a láre.

Bí ọwọ́ yín bá ti bà á, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má gbẹ́ sí i, ẹ má sì fọ owó náà, torí bí ẹ bá ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, ẹ da nǹkan bò ó, ẹ sọ fún onílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sọ fún àwọn aláṣẹ. Ní Hoxne ní England, ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, òòlù àgbẹ̀ kan sọnù sóko, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ kó bá òun wá a. Wúrà àti fàdákà ayé Róòmù ni ẹ̀rọ náà kàn, owó ẹyọ inú rẹ̀ nìkan sún mọ́ 15,000. Ọ̀rẹ́ náà hú díẹ̀, ó ṣíwọ́, ó ní kí wọ́n pe àwọn aláṣẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá hú ìyókù bó ṣe wà gan-an, débi pé wọ́n mọ bí àpótí tí wọ́n kó o sí ṣe rí. Owó tí wọ́n san fún un jẹ́ 1.75 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Òfin ìgbà yẹn kò ní kó fún àgbẹ̀ náà ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó pín in fún un. Wọ́n rí òòlù náà o, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lòun náà wà báyìí.

Àwọn méjì kan tó rí ìṣúra nítòsí Leominster ní England lọ́dún 2015 ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì pa fọ́tò rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù. Àwọn ọlọ́pàá rí fọ́tò náà padà. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá a dé lọ́dún 2019.

Bí ẹ kò bá tíì gbẹ́lẹ̀, ohun tó sàn jù ni kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ kọ ọ́ pé: “Onílẹ̀ gbà kí òṣìṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ yìí. Ohun iyebíye tó bá jáde, a ó fi tó ìjọba létí bí òfin bá ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kù sí wa lọ́wọ́, tàbí owó tí wọ́n bá san lórí rẹ̀, onílẹ̀ á mú ìdá báyìí, òṣìṣẹ́ á mú ìdá báyìí.” Ẹ kọ iye ìdá náà sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí oníkálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó yá a lò. Lọ́dún 1886, iléeṣẹ́ gáàsì kan ní England gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n yá, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi onígi àtayébáyé nínú rẹ̀, adájọ́ sì ní ẹni tó fi ilẹ̀ náà yá wọn ló ni ọkọ̀.