Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Ọmọ Èkìtì tí Ó Ń Gbé Iṣẹ́ Aṣọ àti Eré Ìtàgé Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń ti Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ọ̀yẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a rí àwọn tí ó jẹ́ pé aṣọ híhun, àdìrẹ tàbí eré ìtàgé ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ máa fi jẹun níbẹ̀. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ dáadáa. Ìwé ni ó sábà máa ń kó wọn sí wàhálà.

Èyí tí ó léwu jù ni ti ẹni tí ó gba físà akẹ́kọ̀ọ́, tí ó wá rò pé wákàtí 20 tí òfin fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀. Òfin físà náà kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ó máa ṣe eré gbowó. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe àdìrẹ nínú yàrá rẹ̀ tí ó ń tà á lórí Instagram, àti ẹni tí ó gbowó kéwì níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ti rú òfin, bí owó náà tilẹ̀ kéré. “Gbogbo wa la ń ṣe é” kì í ṣe ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni lè fún aṣojú ìjọba. Ẹ dúró de físà tí ó gba iṣẹ́ àdáni, irú Graduate tí ó wà fún ẹni tí ó ti gboyè níbẹ̀, tàbí Global Talent, físà ẹni tí ó ti fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí Arts Council England, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, máa ń yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà wò fún.

Ibi Global Talent yìí ni àṣìṣe kejì ti máa ń hàn síta. Ẹni tí ó ti ṣeré káàkiri Èkìtì fún ọdún mẹ́wàá lè má ní ìwé kan ṣoṣo tí ó jẹ́rìí sí i. Nígbà ayé Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, tí ó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó sì di ará Ìsẹ̀, iṣẹ́ kan ni ó ń pe òmíràn. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ní 1988, tí ó ti tó nǹkan bí 50 ọdún tí ó ti kú, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yẹ ìwé wò ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ oríkì: lẹ́tà mẹ́ta láti ẹnu ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni yóò béèrè, pẹ̀lú ìwé ètò eré tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀ àti ìròyìn inú ìwé ìròyìn. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ gbà wọ́n, nítorí ọ̀gá òṣèré kì í rọrùn rí lórí fóònù.

Ní ti aṣọ, ẹ má ṣe pe aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní àdìrẹ, ẹ má sì ṣe pe òwú aláwọ̀ ilẹ̀ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ní sányán, nítorí sányán òtítọ́, sílíìkì kòkòrò igbó ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a kọ irú òwú tí a fi hun aṣọ mọ́ ọn lára kí a tó tà á. Ẹni tí ń ṣètò aṣọ fún eré yóò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé aró rẹ̀ kò ní ṣí nígbà tí òṣèré bá làágùn lábẹ́ iná, ṣé a lè fọ̀ ọ́ lálaalẹ́? Ẹ fọ ìrépé rẹ̀ wò ní ilé.

Àṣìṣe tí ó kù ni ti ojú tí ń tini láti béèrè ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ará ilé ẹni. Obìnrin ará Ìkẹ́rẹ́ kan yá ẹgbẹ́ òṣèré kan ní kíjìpá tí ìyá rẹ̀ hun lórí òfì tí ó dúró mọ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n jọ fi ẹnu sọ. Nígbà tí ó lọ gbà á, wọ́n ti gé e rán ṣòkòtò.