Mọ́ínmọ́ín ẹléwé fún àárọ̀ ọjọ́ Kérésì: bá a ṣe ń sè é nílé wa

Nílé tiwa, a kì í fẹnu kan ráìsì láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì. Ráìsì àti adìyẹ dọ̀sán, lẹ́yìn tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́ínmọ́ín ẹléwé àti ògì gbígbóná la fi ń ṣínu, bó ṣe rí látìgbà tí màmá màmá mi wà láyé nìyẹn, mi ò sì ní jẹ́ kó parun lọ́wọ́ tèmi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ẹ́ ṣàlàyé ẹ̀, pàápàá fẹ́yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ àtẹ̀yin tó jẹ́ pé inú lailọọnu lẹ mọ̀ pé wọ́n ń dà á sí.

Alẹ́ 24 niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣa ẹ̀wà ife 4, ẹ̀wà funfun tàbí olóyin, olóyin lèmi fẹ́ràn torí adùn ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ wá máa fọwọ́ méjèèjì rún un, ẹ bu omi sí i, èèpo á léfòó, ẹ dà á nù, ẹ tún bu omi míì sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi mọ́. Àwọn ọmọ la máa ń pè síbi tá a ti ń bó o, wọ́n á yí abọ́ ńlá ká, èyí àgbà á máa ṣọ́ àwọn àbúrò ẹ̀ kí wọ́n má fojú dúdú ẹ̀wà sílẹ̀, torí òun ló máa ń jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín ní tóótòòtó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn ìdílé, ibẹ̀ lèmi náà ti gbọ́ tèmi.

Ẹ̀wà tẹ́ ẹ bá ti bó tán, ẹ fi sínú omi tó mọ́, ẹ gbé e sí fíríìjì di ìdájí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́ lálẹ́ kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ nínú ooru. Ọdún kan mo lọ̀ ọ́ lálẹ́ mo sì gbé e sórí tábìlì, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti wú, ó ń yọ ìfófòó, ó ti kan. Gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, búrẹ́dì la fi ṣínu lọ́jọ́ Kérésì yẹn, ó dùn mí gan-an.

Láàárọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé 5, ata rodo 4 àti àlùbọ́sà ńlá 2. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ lẹ ń gbé e lọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ. Ẹ fìka méjì rún un wò, tẹ́ ẹ bá ṣì gbọ́ hóróhóró, kò tíì kúnná nìyẹn.

Omi ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Mọ́ínmọ́ín kì í ṣe àkàrà, tó bá ki bíi ti àkàrà á le koko. Omi ẹja tàbí omi ẹran tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi pò ó, omi gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi lọ̀ ọ́, á tó bí ife 5, kó máa ṣàn látinú ìgbakọ bí ògì tí ò ki. Ẹ da òróró ife 1 sí i, iyọ̀, Maggi, edé lílọ̀, ẹ rò ó dáadáa, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Àwọn kan á ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́mìí méje, àmọ́ nílé wa ẹyin, ẹja àti kọ́ńbíìfù ti tó.

Ó wá kan ewé. Ẹ fọ ojú ẹ̀ méjèèjì, ẹ rà á lórí iná díẹ̀ kó lè rọ̀, kó má bàa ya. Ẹ mú méjì, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ ká a bí àrọ, kí ìdí ẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ bu ìgbakọ kan sí i, ẹ ki ẹja àti ẹyin bọ̀ ọ́, ẹ wá ṣẹ́ orí ẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n pọ́n á rí i pé ó ń jò, ẹ má bínú, ẹ fi ewé kẹta kún un. Igi ewé yẹn ẹ má dà á nù, ẹ tò ó sísàlẹ̀ ìkòkò, kẹ́ ẹ bu omi tí ò ní ga ju igi yẹn lọ, ẹ wá to mọ́ínmọ́ín lé e, kí ojú tẹ́ ẹ ṣẹ́ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, wọ́n ń ta ewé ẹ̀ ní Peckham, ẹ wá a lọ, torí òórùn ewé yẹn ni ìdajì adùn ẹ̀. Ní Bahia lọ́hùn-ún ní Brazil, abará ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, wọ́n sì ń fi epo pupa sí i, àmọ́ àwọn náà ò fi ewé ṣeré.

Wákàtí kan á sè é. Tómi bá fẹ́ẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ bù sí i, kẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ẹ tú ọ̀kan wò, kẹ́ ẹ ki ọ̀bẹ bọ àárín ẹ̀, tí ò bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó ti jinná. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 kó lè dì, ẹ fi àkókò yẹn po ògì.

Kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nílé wa, mẹ́fà á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àlàájà tó múlé tì wá. Abọ́ tí wọ́n fi gbé ẹran Iléyá wá fún wa la fi ń gbé e lọ. Èyí tó ní odindi ẹyin nínú, ti bàbá ni, okùn la máa ń so mọ́ tiẹ̀ ká má bàa ṣì í gbé.