Àwọn àṣìṣe tí à ń gbìn sínú ìṣirò ní JSS1, tí ọmọ ń kórè wọn ní SS2

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọ SS1 ni. Mo kọ 2x + 6 = 14 sójú pátákó, mo ní kí ọmọbìnrin kan wá ṣe é. Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 2x = 14 − 6, ó kọ 2x = 8. Títí débẹ̀, ó dáa. Ìlà tó tẹ̀ lé e, ó kọ x = 8 − 2, ó kọ x = 6, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo bi í pé báwo ni 2 yẹn ṣe di àyọkúrò. Ó ní, “Ó ti sọdá ni, sà. Tó bá ti sọdá, ó máa yí àmì padà.”

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Olùkọ́ kan ló sọ fún un ní JSS1 pé ohunkóhun tó bá ré àmì ìdọ́gba kọjá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àmì, ọmọ sì gba olùkọ́ gbọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìṣirò láti JSS1 dé SS3, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń já ọmọ kulẹ̀ nínú WAEC, nísàlẹ̀ ló ti wá. Àwa olùkọ́ la fi òfin àbùjá lé wọn lọ́wọ́, òfin tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ́ ọ, tó wá dójú tì wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, níwájú olùkọ́ mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé kọ́ wọn ní “sọdá, yí àmì padà”. Àmì ìdọ́gba ń sọ fún wa pé iye kan náà ló wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ohun tí a bá ṣe sí ọ̀kan, ká ṣe é sí èkejì. Lọ́jọ́ yẹn, mo pa ojú pátákó rẹ́, mo bi ọmọ náà pé: àpò méjì rèé, iye pure water tó wà nínú wọn dọ́gba, ẹyọ mẹ́fà tún wà nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 14. Mélòó ló wà nínú àpò kan? N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní mẹ́rin ni. Báwo lo ṣe mọ̀? “Mo yọ mẹ́fà tó wà nílẹ̀, ó ku mẹ́jọ, mo wá pín in sí méjì.” Ìbéèrè kan náà ni! Ọmọ mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, òfin tí a kọ́ ọ ló bò ó lójú. A wá jọ kọ ohun tó fẹnu sọ sílẹ̀ ní ìlà ìlà: a yọ 6 lápá méjèèjì, a fi 2 pín apá méjèèjì.

Tí ẹ bá lo odindi ọ̀sẹ̀ méjì lórí èyí ní JSS1, ó lè jọ pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ máa rí èrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kí wọ́n wá r nínú V = πr²h. Kò sí àmì kankan tó fẹ́ yí padà níbẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ju “sọdá” lọ máa dúró sójú kan ni, á máa wo olùkọ́.

Èyí tó tún sún mọ́ ọn ni bí a ṣe ń sọ pé a ni ápù, b ni bàtà, kí 3a + 2b lè yé wọn. Ó máa yé wọn lóòótọ́, títí ẹ ó fi dé 3a × 2b. Kí ni ápù lọ́nà bàtà? Iye nǹkan ni lẹ́tà ń dúró fún, kì í dúró fún nǹkan fúnra rẹ̀. Ẹ dán an wò nínú kíláàsì yín: nílé ẹ̀kọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n ló wà fún tíṣà kọ̀ọ̀kan, A ni iye akẹ́kọ̀ọ́, T ni iye tíṣà, ẹ kọ ìdọ́gba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa kọ 30A = T, torí wọ́n ń kà á pé “akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n, tíṣà kan”. Ẹ fi T = 2 sí i, kí àwọn fúnra wọn rí i pé ohun tí wọ́n kọ kò lè mú 60 jáde láéláé; A = 30T ló lè mú un jáde. Léraléra ni àwọn àgbà olùyẹ̀wò WAEC ń ráhùn pé sísọ ìbéèrè ọlọ́rọ̀ di ìdọ́gba ṣòro fún àwọn ọmọ. Ibí yìí ni mo rò pé ìnira náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mínọ́ọ̀sì wá ńkọ́? “Mínọ́ọ̀sì àti mínọ́ọ̀sì, plọ́ọ̀sì ni.” Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n kọ bí orin. Ẹ wá bi wọ́n léèrè −3 − 5, ẹ ó gbọ́ “mẹ́jọ, sà!” pẹ̀lú ìdánilójú. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni òfin yẹn wà fún, a kàn kọ́ ọ ní gbólóhùn tí kò ní ààlà ni. Ẹni tó jẹ ìyá alákàrà ní 300 náírà lánàá, tó tún ra ti 500 láwìn lónìí, ṣé ìyá náà ló wá jẹ ẹ́ ní 800?

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ Yorùbá ni kò yẹ kó ṣìnà níbẹ̀. Ẹ wo 45. Márùndínláàádọ́ta ni a ń pè é. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. A tún wá yọ márùn-ún. 60 − 10 − 5. Ohun tí a yọ lápapọ̀ jẹ́ 15. Ká ní àyọkúrò méjì ń di àròpọ̀ ni, 75 ni à bá máa pè ní márùndínláàádọ́ta. Mo ti kọ èyí sójú pátákó rí fún kíláàsì JSS2 kan, ẹnu ya àwọn ọmọ náà. Wọn ò mọ̀ pé ìṣirò wà nínú ohun tí ìyá wọn ń sọ lójoojúmọ́ lọ́jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má ṣe máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi Yorùbá bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. “Two over three” kò sọ nǹkan kan fún ọmọ ju nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn lórí. “Ìdá méjì nínú mẹ́ta” ń sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní tètè kọ ½ + ⅓ = 2/5. Ìdajì búrẹ́dì ló kọ́kọ́ mú, ó tún mú ìdámẹ́ta lé e, ó wá di ìdá méjì nínú márùn-ún, tí kò tó ìdajì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

BODMAS, àwọn lẹ́tà tó ń sọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò, náà ń kó bá wọn. A tò ó ní lẹ́tà, wọ́n wá rò pé A (àròpọ̀) gbọ́dọ̀ ṣáájú S (àyọkúrò), ni 10 − 3 + 2 fi di 5. Ipò kan náà ni àròpọ̀ àti àyọkúrò wà, láti òsì sí ọ̀tún la ti ń ṣe wọ́n: 9 ni. Ẹ má sì sọ pé ìsọdipúpọ̀ máa ń mú nǹkan pọ̀ sí i. 8 × ½ ń bọ̀ wá bá yín.

Ọ̀rọ̀ máàkì. Ìwé kejì WAEC ní ìbéèrè 13: márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ló wà fún wọn, wọ́n á wá mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù fún máàkì 60. Ẹni tó ń ṣàmì sí i ń fún ọmọ ní máàkì fún ìgbésẹ̀, bí ìdáhùn kò tilẹ̀ tọ̀nà. Síbẹ̀, láti JSS1 ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wo ìlà ìkẹyìn nìkan, ká fi gègé pupa fa X, ó parí. Ọmọ náà kọ́gbọ́n: kò ní fi iṣẹ́ hàn mọ́, ìdáhùn ni yóò máa jí wò.

Ẹ jẹ́ ká gbé pàṣán sílẹ̀ nídìí ìṣirò. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì nítorí ẹgba, ìbẹ̀rù ló gbà á lọ́kàn, kò ráyè ro x. Tó bá ṣì í lójú pátákó, ẹ bi í pé “báwo lo ṣe rò ó?”, kí ẹ sì dákẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ SS1, ìbéèrè márùn-ún ni mo máa ń fún wọn: −3 − 5, ½ + ⅓, 10 − 3 + 2, èwo ló pọ̀ jù nínú 0.35 àti 0.4; àti 2x + 6 = 14. N kì í fún wọn ní máàkì. Mo ń to ìwé wọn jọ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀: àwọn tó kọ 2/5 lọ́tọ̀, àwọn tó ní 0.35 ló pọ̀ jù torí pé ó gùn jù lọ́tọ̀. Nínú ogójì ọmọ, tí ogún bá kọ 2/5, mo mọ̀ pé skíìmù, ìyẹn ètò iṣẹ́ wa, ní ká bẹ̀rẹ̀ indices lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti ọ̀bẹ ni mo máa gbé wọ kíláàsì.